Bí a ṣe ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ: láti orí páànù títí dé inú aró

Ẹni tó ti mọ àwòrán yà lórí bébà tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ dà rú mọ́ lójú. Lórí bébà, ibi tí ọwọ́ bá kàn ni àwọ̀ ń wà. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ọwọ́ bá kàn ni aró kò ní í ráyè wọ̀. Ohun tí ẹ fi ẹ̀kọ, ìyẹn láfún tí a sè, yà ni yóò mọ́ lára aṣọ, ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn ni yóò dúdú. Ẹ̀kọ ni ayàwòrán ń yà, kì í ṣe aró. Láti ìgbà tí a bá ti gbé láfún kaná títí di ìgbà tí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò fún ìgbà ìkẹyìn, gbogbo aápọn ibẹ̀ kò ju pé kí ẹ̀kọ yẹn dúró síbi tí a fi í sí.

Ẹni tó bá wọ ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lónìí yóò rí i pé alábẹ́là ló pọ̀ lórí àtẹ, pẹ̀lú àwọ̀ oríṣiríṣi. Kò yani lẹ́nu. Àbẹ́là yíyọ́ ń gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀kọ ń fẹ́ sùúrù ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n fóòmù tí wọ́n fi ń tẹ àbẹ́là kò lè fa irú ìlà tín-ín-rín tí ìyẹ́ adìyẹ ń fà, ìdí sì nìyẹn tí ẹlẹ́kọ kò fi parẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà fi ẹ̀kọ sára aṣọ. Èkíní ni kí a fi ìyẹ́ yà á lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn obìnrin Ìbàdàn sì lókìkí gan-an nínú èyí. Èkejì ni kí a fi páànù tí a gé àwòrán sí tẹ̀ ẹ́, èyí tí Abẹ́òkúta mọ̀ dáadáa. Látijọ́, ọkùnrin ló sábà máa ń gé páànù tó sì ń fi ẹ̀kọ tẹ aṣọ, obìnrin ló ni ìkòkò aró. Ìtọ́sọ́nà yìí yóò mú ọ̀nà méjèèjì, páànù ni a ó sì fi ṣáájú.

Aṣọ

Òwú pọ́ńbélé ni kí ẹ rà. Aró ẹ̀lú kì í mú pọ̀líẹ́sítà, bó ti wù kí ẹ rì í tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ náà, kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá jó bí bébà, tí eérú rẹ̀ rọ̀ tó sì ń fẹ́ lọ, òwú ni. Bó bá yọ́, tó ká jọ di kókó dúdú líle, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló dára fún ìyẹ́. Gínì tó ní iṣẹ́ ọnà lára máa ń gbé ìlà tín-ín-rín mì, páànù tó ní àwòrán gbàǹgbà ló bá a mu. Ìró àdìrẹ àtijọ́ jẹ́ abala méjì, yáàdì méjì ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n rán pọ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, yáàdì kan tó. Yáàdì márùn-ún á sú u kó tó dé ìdajì.

Aṣọ tuntun ní ẹ̀kọ ilé-iṣẹ́ lára. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, aró á mú níhìn-ín, kò ní mú lọ́hùn-ún, ẹ ó sì máa dá ìkòkò lẹ́bi. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sá a. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kán omi sí i. Bí omi náà bá wọlé lójú ẹsẹ̀, aṣọ ti mọ́. Bó bá ṣù jọ sókè tí kò wọlé, ẹ tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́, nítorí ibi tó bá ká kò ní gba ẹ̀kọ dọ́gba.

Ibi tí àwòrán ti ń wá

Ohun tí ojú àwọn àgbà rí ni wọ́n fi sára aṣọ. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn nínú, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929. Àwòrán Olóbà wá láti inú ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè, ní 1935: ọba àti olorì ló wà láàárín, tí iṣẹ́ ọnà yí wọn ká. Àwọn tó yà á wo àwòrán tó wà káàkiri nígbà náà, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Alángbá, ẹyẹ, àkeekèé, ewé ẹ̀gẹ́, ṣíbí, kóòmù: kò sí èyí tí wọ́n rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i.

Ẹni tó wà l'Abẹ́òkúta kò ní láti wá àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gun Òkè Olúmọ, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Òrùlé páànù tó ti pọ́n ló tò síbẹ̀, ọ̀kan kọ orí sí ìlà oòrùn, òmíràn sí àríwá, ìlà ara páànù kọ̀ọ̀kan sì ń lọ síbi tí ti èkejì kò lọ. Ẹ gé igun mẹ́ta péré jáde nínú ohun tí ẹ rí, kí ẹ tò ó sínú igun mẹ́rin kan, ẹ ti ní àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti ya gbogbo ìlú. Àwòrán tó bá ní ju ohun mẹ́ta lọ nínú igun kan máa ń di wúruwùru bó bá ti kúrò nínú aró.

Bí a ṣe ń sọ ohun tí a rí di àdìrẹ nìyí. Ẹ wá sílétì àti ṣọ́ọ̀kì funfun. Lóòótọ́, bébà àti pẹ́ńsù wà, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ń kọ́ ọwọ́ yín láti ya ohun tó dúdú, ìyẹn sì ni òdìkejì ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Lórí sílétì, ṣọ́ọ̀kì ni ẹ̀kọ, dúdú sílétì ni aró. Bí ẹ bá ya ẹyẹ, tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kún gbogbo ara rẹ̀, ẹyẹ funfun ni yóò jáde láìní ìyẹ́. Ẹ ní láti fi ìlà dúdú sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, kí ìyẹ́ àti ojú lè hàn. Ẹ máa yà á, ẹ máa nù ún, títí tí ẹ ó fi lè mọ̀ láìronú pé àlàfo ni ìlà yín. Èrò wa ni pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta aṣọ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù ní dúdú. Bí ẹ̀kọ bá gba gbogbo ẹ̀, aṣọ á dà bí èyí tó ti ṣá.

Gígé páànù

Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àlùmágàjí lè gé ni a ń fẹ́, kì í ṣe ti òrùlé. Látijọ́, páànù inú àpótí tíì ni wọ́n ń tú. Ní báyìí, páànù pẹlẹbẹ tí àwọn atẹ̀wé bá ti lò tán dára púpọ̀: ó tẹ́, kì í dípẹtà, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ gé e ní ínṣì 12 sí 9. Ẹ fi ínṣì kan sílẹ̀ yí ká tí ẹ kò ní gé nǹkan kan sí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa dì í mú, ibẹ̀ náà ni àṣẹ́kù ẹ̀kọ yóò dúró sí.

Ẹ fi ìṣó ya àwòrán sí i. Ẹ gbé e lé orí pákó líle, kí ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù gé e, láti àárín bọ̀ sí etí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gé etí, páànù á ti rọ kí ẹ tó dé àárín, á sì máa ká.

Ohun tó ń ṣòro jù níbí ni afárá. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín ihò gbọ́dọ̀ ní ibi tó fi so mọ́ ara páànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò já bọ́. Ẹ wo òrùka: bí ẹ bá gé e yí po, àárín rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ihò ńlá kan ló kù. Ẹ fi afárá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó orí ìṣáná. Bó bá tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin tí ẹ fi ń ti ẹ̀kọ á tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ̀, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á sì ṣẹ́. Afárá yìí ni yóò di ìlà dúdú kékeré tó ń gé òrùka náà lára aṣọ. Òun gan-an la fi ń dá iṣẹ́ páànù mọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìyẹ́. Agépáànù tó mọṣẹ́ kì í fi afárá pamọ́, ńṣe ló ń sọ ọ́ di apá kan ọnà: á fi í ṣe ìṣàn ewé, á fi í ṣe oríkèé ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Bí ẹ bá gé e tán, ẹ yí i dojú dé, kí ẹ fi òòlù tẹ gbogbo etí ihò mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi fáìlì rá a. Etí tó bá ṣì dìde máa ń gbé páànù sókè lára aṣọ, ẹ̀kọ á wá gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìdajì àwọn àwòrán tí etí wọn kò mọ́ tónítóní, ibí yìí ni wọ́n ti bàjẹ́, kì í ṣe inú aró. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìròyìn kí ẹ tó gbé e sórí aṣọ.

Síse ẹ̀kọ

Láfún ife kan tí ẹ fi asẹ́ kúnná sẹ́, omi ife mẹ́rin, álọ́ọ̀mù ṣíbí kékeré kan tí ẹ ti gún. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ lèyí jẹ́. Láfún yàtọ̀ síra, ẹ ó rí i pé ti ọjà kan ń ki ju ti òmíràn lọ.

Ẹ fi ife omi tútù kan pò láfún títí tí kókó kankan kò fi sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé ife mẹ́ta tó kù kaná pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. Nígbà tó bá ń hó, ẹ máa da láfún pípò náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Ẹ dín iná kù, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò funfun bí ẹfun, tó bá yá yóò dán, yóò sì fẹ́ máa gba ìmọ́lẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì funfun, kò tíì jinná, yóò sì máa re dànù bí ìyẹ̀fun nígbà tó bá gbẹ. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí: kókó kan ṣoṣo lábẹ́ ìyẹ́ lè fa ìlà ya, lábẹ́ páànù ó lè dí ihò pa.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ̀kọ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń ṣàn. Fún páànù, kó ki débi pé bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, yóò rọra já bọ́ ní ìṣùpọ̀. Fún ìyẹ́, ẹ fi omi ṣíbí díẹ̀ là á kó lè ṣàn láìgé. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lórí àkísà funfun, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ẹ̀yìn bá gbẹ táútáú, ẹ̀kọ ti ki jù, orí aṣọ ló jókòó sí, yóò sì ṣí kúrò nínú aró. Bí ẹ̀yìn bá tutù rinrin tí ìlà sì fẹ̀, ó ti ṣàn jù. Èyí tó bá hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn láìfẹ̀ ni ẹ ń fẹ́.

Ẹ̀kọ funfun lórí aṣọ funfun kì í hàn dáadáa, pàápàá lálẹ́. Búlúù ìfọṣọ bíńtín nínú rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ ti dé. Ẹ se èyí tó ju ohun tí ẹ lérò lọ, nítorí ìsè kejì kì í ki bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ á sì hàn lára aṣọ. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti kan tó sì já sí omi, ẹ dà á nù. Ẹ̀kọ kíkan kò lẹ̀ mọ́ aṣọ mọ́.

Títẹ̀ àti yíyà

Ẹ tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí tábìlì, kí ẹ fi táàpólì bò ó, kí ẹ wá na aṣọ lé e, kí ẹ fi ìṣó kékeré dì í ní igun. Tábìlì líle láìní ìtẹ́ kò dára, páànù kì í jókòó dáadáa lé e. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tí páànù yóò máa tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fojú wọ̀n ọ́n, ìlà rẹ̀ yóò ti wọ́ tó bá fi dé ìparí.

Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ páànù mọ́lẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kọ sí etí òkè, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó ń rọ̀ wọ́ ọ wá sọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, kí irin náà dagun díẹ̀, kí ẹ sì dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Ó tó. Ìgbà kẹta kò fi nǹkan kan kún un ju pé kó ti ẹ̀kọ gba abẹ́ afárá. Kí ẹ̀kọ tó wà lára aṣọ nípọn tó mílímítà kan. Ẹ gbé páànù láti etí kan sókè tààrà, ẹ má wọ́ ọ. Lẹ́yìn ìtẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ nu abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ léra. Bí ẹ bá tẹ igun kìíní, ẹ fo èkejì lọ sí ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀karùn-ún. Nígbà tí àwọn yẹn bá ti fara balẹ̀, kí ẹ padà wá tẹ èyí tí ẹ fò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí páànù yóò máa jókòó lé ẹ̀kọ tútù ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì pa á rẹ́.

Fún iṣẹ́ ìyẹ́, ìyẹ́ apá adìyẹ ńlá ni kí ẹ mú. Ẹ fá irun ara rẹ̀ kúrò, kí ó ku díẹ̀ ní ṣóńṣó. Ẹ ká aṣọ sí méjì-méjì títí ó fi pín sí igun mẹ́rìndínlógún, kí ẹ fi èékánná tẹ ojú ibi tí ẹ ká, kí ẹ wá tú u ká. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ fa ìlà tó pín àwọn igun, lẹ́yìn náà kí ẹ máa kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ máa wọ́ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ má tì í lọ síwájú, nítorí ìyẹ́ tí a bá ń tì máa ń ta ẹ̀kọ sára aṣọ. Ìdí ìyẹ́ dára fún kíkán tó-tò-tó. Fún ìlà tó tín-ín-rín jù lọ, ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ẹ̀kọ kùn ibẹ̀ pátá, kí ẹ fa kóòmù gba inú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù.

Bí ẹ̀kọ bá kán síbi tí kò yẹ, ẹ má nù ún. Nínù ń fọ́n ọn ká. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi èékánná ṣí i, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di nǹkan: òdòdó kékeré, ojú ẹja. Ọ̀pọ̀ àmì tí àwọn tó ń ra àdìrẹ ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, bóyá ẹ̀kọ tó ṣèèṣì kán ni.

Gbígbẹ

Òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í sí fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó gbé e sóòrùn. Bí oòrùn ọ̀sán bá pa ẹ̀kọ tútù, òkè rẹ̀ yóò gbẹ kí abẹ́ tó gbẹ, yóò súnkì, yóò sì ṣí kúrò lára aṣọ. Ọyẹ́ burú ju oòrùn lọ fún èyí, nígbà ọyẹ́ ẹ fi í sínú ilé. Lásìkò òjò, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló lè gbà lábẹ́ òrùlé, ẹ sì máa wò ó kó má baà bu. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ méjì tó.

Aṣọ tó gbẹ máa ń le, ó máa ń ká díẹ̀, ó sì ń dún gbọ̀ọ́gbọ̀ọ́ bí ẹ bá mì ín. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ẹ̀kọ nípọn jù. Bó bá tutù lọ́wọ́, inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ má ká aṣọ yìí rárá. Gbogbo ibi tí ẹ̀kọ bá ti là, aró á wọ̀ ọ́ bí okùn aláǹtakùn. Lára alábẹ́là, àwọn oníbàárà ń fẹ́ràn irú ìlà bẹ́ẹ̀. Lára ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ tí wọ́n kánjú ṣe ló ń jọ.

Aró

Aró ìbílẹ̀ ń wá láti ara ewé ẹ̀lú, igi tí ìwé ń pè ní Philenoptera cyanescens, tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ń jẹ́ Lonchocarpus cyanescens. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá gbẹ. A ó da eérú sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, a ó gbé e ka orí òmíràn, a ó wá bu omi sí i kó máa jò lọ sí ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a ń rẹ ẹ̀lú sí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tí a ń rò ó lójoojúmọ́. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ le. Nígbà tí ìfófòó tó ń dán bí bàbà bá bo ojú rẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ sì dà bí ewé tó ń pọ́n, ó ti jinná. Ìyá Mọpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ni àwọn aláró àtijọ́ ń bẹ̀ pé kí ìkòkò má bàjẹ́, ó sì ń bàjẹ́ lóòótọ́, nítorí ìkòkò tí omi eérú rẹ̀ kò bá le tó kì í jinná.

Aró òyìnbó kò ní sùúrù yẹn, àríyànjiyàn rẹ̀ sì ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó l'Abẹ́òkúta, nítorí ẹ̀sùn pé aṣọ kò dára mọ́ bíi tàtijọ́, àwọn aláró sì yarí. Kò sí ohun tó burú nínú aró òyìnbó bí a bá wọ̀n ọ́n. Àìwọ̀n ló ń ba aṣọ jẹ́, ní ti ẹlẹ́kọ sì rèé, ó ní ìdí kejì: kọ́sítíìkì ń yọ ẹ̀kọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀kúnwọ́ dà á sí i kí aró lè mú kíákíá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwòrán rẹ̀ rẹ́.

Fún lítà 20, báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ bo ojú, kí ẹ sì wà níta gbangba. Báàfù rọ́bà ni kí ẹ lò. Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ́mù, ó sì ń mú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde lára rẹ̀.
2. Ẹ bu omi tútù lítà méjì. Ẹ rọra da kọ́sítíìkì ṣíbí ìjẹun kan sínú omi. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì láéláé, yóò hó, yóò sì ta sí yín lára. Omi náà á gbóná fúnra rẹ̀.
3. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ìyẹ̀fun aró ṣíbí ìjẹun méjì kó dà bí ọṣẹ rírọ̀, kí ẹ dà á sí i.
4. Ẹ wọ́n háídírọ́ọ̀sì (èròjà tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú aró) ṣíbí ìjẹun méjì lé e, kí ẹ rọra rò ó, kí ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 30 sí 45, títí tí yóò fi kúrò ní búlúù tí yóò di àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n.
5. Ẹ bu omi tútù lítà 18 sínú báàfù ńlá, kí ẹ wọ́n háídírọ́ọ̀sì ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá rọra da aró náà sí i láìjẹ́ kó ta.

Omi tútù ni, ẹ jọ̀wọ́. Omi gbígbóná ń rọ ẹ̀kọ lójú ẹsẹ̀.

Rírì

Ẹ fi gbogbo etí òkè aṣọ kọ́ ọ̀pá, kó tẹ́ láìká, kí ẹ rọra sọ ọ́ sínú aró. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má rò ó, ẹ má pá a, ẹ má fún un. Rírò ń ki afẹ́fẹ́ sínú aró, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀ nínú báàfù. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣíbí kó ìfófòó ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ìfófòó tó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ ń di àbàwọ́n.

Bí ẹ bá fà á yọ, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó tún un rì. Ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń mú un dúdú dáadáa. Dúdú tó jinlẹ̀ ń wá láti ara rírì léraléra, kì í ṣe láti ara pípẹ́ nínú aró. Aṣọ tó bá pẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀kọ rẹ̀ ti rọ̀ ná.

Lẹ́yìn rírì méjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì yẹ ẹ̀kọ wò. Ibi tó bá ti ṣí, ẹ fi ìyẹ́ tún un kùn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ibẹ̀ yóò jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín funfun àti dúdú, àwọn kan sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí aṣọ lè ní àwọ̀ mẹ́ta.

Bí aró inú báàfù bá ń di búlúù lábẹ́, háídírọ́ọ̀sì ti tán nìyẹn. Ẹ fi ìdajì ṣíbí ìjẹun kún un, kí ẹ bò ó fún ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má fi kọ́sítíìkì kún un. Ẹ sì rántí pé aṣọ tútù ń dúdú ju bó ṣe máa rí nígbà tó bá gbẹ, torí náà ẹ rì í lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá rò pé ó tó.

Yíyọ ẹ̀kọ

Ẹ jẹ́ kí aṣọ gbẹ mọ́jú kí aró lè jókòó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún wákàtí kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ há ẹ̀kọ kúrò lọ́nà kan ṣoṣo. Ẹ má fi ọwọ́ bó o, ẹ̀kọ tó ti mu aró lè kun ibi tó mọ́. Ẹ ṣan án títí omi yóò fi mọ́. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú garawa omi kan fún ìṣanù ìkẹyìn, kó pa kọ́sítíìkì tó kù lára aṣọ.

Ẹ má retí funfun gbòò. Orí aṣọ lápá kan ni ẹ̀kọ wà, aró ń gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀, nítorí náà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lórí búlúù dúdú ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí funfun bá mọ́ gbòò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alábẹ́là ni wọ́n ń tà fún yín.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, ẹ ká a, kí ẹ gbé e lé orí ìtì igi dídán, kí ẹ fi òòlù igi lù ú kó máa dán. Áyọ́ọ̀nù ń tẹ́ ẹ, kì í fún un ní irú dídán yẹn.

Aró tó kù nínú báàfù, ẹ má dà á sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí Odò Ògùn, ẹ má sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹ ṣí i sílẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa rò ó kí afẹ́fẹ́ pa háídírọ́ọ̀sì inú rẹ̀, kí ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fíníkà pa kọ́sítíìkì, kí ẹ tó dà á sí ilẹ̀ tí a kò fi dáko. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ra aṣọ náà pé kó dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́, nínú omi tútù, láìsí bílíìṣì, kó sì yí inú rẹ̀ síta bó bá ń sá a.